Sókàwéè Kò Fẹ́ Oògùn

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ agboolé tí àwọn ọmọ Yorùbá háyà sí ní Kánò, Kàdúná, Sáríà àti Jọ́ọ̀sì, ìdílé mẹ́fà tàbí mẹ́wàá a máa lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí òórùn sì gba gbogbo àgbàlá, oògùn ni àwọn ayálégbé a kọ́kọ́ dáwó rà. Àwọn kan a da odindi gálọ̀nù Izal sínú sókàwéè, àwọn mìíràn a da kábáàdì tàbí kẹrosíìnì. Ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní bakitéríà sì tún wà lọ́jà, tí àwọn tí ń tà á ń búra pé ẹni tó bá lò ó kò ní pe ọkọ̀ tí ń fa ìgbẹ́ mọ́ láéláé.

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, irọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé bakitéríà, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, ni òṣìṣẹ́ inú sókàwéè. Nínú táǹkì tí wọ́n fi kọnkéré mọ, ìdọ̀tí tó wúwo a rì sísàlẹ̀, ọ̀rá a léfòó, omi àárín a sì ṣàn lọ sínú ihò kejì, níbi tí ilẹ̀ yóò ti fà á mu. Àwọn kòkòrò yìí ló ń jẹ ìdọ̀tí náà tí wọ́n fi ń dín in kù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní láti rà wọ́n. Inú ìfun ènìyàn ni wọ́n ti ń wá. Ẹnikẹ́ni tó bá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń kó ọ̀kẹ́ àìmọye wọn síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí oníbàárà ti ní nílé ni oníyẹ̀fun ń tà fún un. Ní ti íìsì tí àwọn mìíràn ń dà sí i, búrẹ́dì ló dára fún.

Irọ́ ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ kò ní wá mọ́. Kòkòrò kì í jẹ ìdọ̀tí tán. Ilé tí èrò rẹ̀ kò pọ̀ ní láti fa táǹkì láàárín ọdún 3 sí 5. Ti agboolé elérò púpọ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá fà á, ẹrẹ̀ yóò ṣàn wọ ihò kejì, yóò sì dí ilẹ̀ tó yẹ kó fa omi. Izal díẹ̀ tí wọ́n fi fọ àwo kò burú; odindi gálọ̀nù ni ń pa òṣìṣẹ́. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ lè bá omi wọ ilẹ̀ dé inú kànga.

Ọ̀rọ̀ kànga kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọdún 2021, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tó lé ní 3,500 ní Nàìjíríà, Kánò àti Bauchi sì wà lára ibi tó ti jà jù. Ìgbẹ́ tó wọ inú omi mímu ló ń tàn án kálẹ̀. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ bàtà 100 wà láàárín sókàwéè àti kànga, ṣùgbọ́n agboolé mélòó ló ní irú àyè bẹ́ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà ní ìdálẹ̀ ń dákẹ́ nítorí wọn kò fẹ́ bá onílé jà, wọ́n sì ń fi ìyẹ̀fun tan ara wọn. Bẹ́ẹ̀ bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Iṣẹ́ onílé tó ń gba owó ilé ni láti fa táǹkì. Kí àwọn ayálégbé para pọ̀ lọ bá a pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí òjò tó dé, kí wọ́n sì mú owó oògùn yẹn dání gẹ́gẹ́ bí ìrànlọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí àtidín owó kù rán ọ̀dọ́mọkùnrin tí ebi ń pa wọ inú táǹkì pẹ̀lú garawa. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ wà níbẹ̀. Bó bá pọ̀, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá dákú sínú rẹ̀, ẹni tó sáré wọlé láti yọ ọ́ lè kú tẹ̀lé e. Àwọn panápaná ni kí wọ́n pè.