Kí Fúláàtì Ẹ̀bá Ojú Irin Má Di Ilé Èéfín

Ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò ní Èkó láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Láti Mile 2 sí ìhà Orílé, àárín òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ni irin rẹ̀ gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́ fúláàtì tuntun sí tòsí ibùdó rẹ̀, èéfín ọkọ̀ akẹ́rù ló bá ṣe aládùúgbò.

Ó dára kí ilé sún mọ́ ọkọ̀ ojú irin. Àmọ́ kò yẹ kí ọmọdé fi ẹ̀dọ̀fóró san owó ìrọ̀rùn náà. Àwọn kan ń sọ pé ọlọ́rọ̀ ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kàn. Irọ́ ni, ta ní ń sùn lẹ́bàá márosẹ̀?

Ní Los Angeles, òfin ọdún 2016 sọ ọ́ di dandan kí ilé gbígbé tuntun tí kò jìnnà ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí márosẹ̀ ní asẹ́ afẹ́fẹ́. Iná mànàmáná ni irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ní Èkó, bí iná bá lọ, fèrèsé ni ará ilé ń ṣí, jẹnẹrétọ̀ á sì fi èéfín tirẹ̀ kún un.

Àwòrán ilé ni ààbò tí kò nílò iná. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ má ṣe fọwọ́ sí àwòrán tó kọ fèrèsé yàrá ìbùsùn sí márosẹ̀. Kí ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí wà níwájú, kí ilé gbígbé sún sẹ́yìn, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Akọ́létà yóò kígbe pé ilẹ̀ òun ṣòfò. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò san owó ilé ìwòsàn.

Igi gàǹgànràn má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìgbà tí ilé ṣì wà nínú ìwé ni òkèèrè náà.