Dídá Gbàdúrà Kì í Ṣe Dídá Gbé

   

Nínú àwọn lẹ́tà tí ó wọlé ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀kan wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú kálámù. Obìnrin kan tí ó jẹ́ tíṣà ni ó kọ ọ́. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní í dárúkọ ìlú rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a ń pariwo lójú ọjà. Mo gé e kúrú díẹ̀. Ohun tí ó kọ nìyí:

“Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí. Aṣọ ni ìyá mi ń tà, òun sì ni ìyá ẹgbẹ́ ní ìjọ wa. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ibà gba ọmọ mi ọkùnrin lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wá kí wa. Èmi àti ọkọ mi nìkan ni ó bá nílé. Ó wí fún mi pé kí n lọ yẹ ara mi wò, pé Ọlọ́run kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ mi ti kọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ṣùgbọ́n n kò fi Ọlọ́run sílẹ̀. Kí àkùkọ tó kọ ni mo máa ń jí, tí n óò lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. N óò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, n óò dúpẹ́, n óò sì pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwọn 42, n óò bẹ Ọlọ́run fún wọn. Orúkọ ọmọ mi ni mo fi ń parí rẹ̀. Bí mo bá dìde níbẹ̀, ara mi a fúyẹ́. Ìyá mi kò gbà. Ó ní mo ti sọ òun di ẹni ẹ̀sín láàárín ẹgbẹ́. Ó ń bi mí pé ìjọ wo ni yóò sin mí bí mo bá kú, pé ojú wo ni òun náà yóò fi wo àwọn ènìyàn. Bàbá, ṣé mo ti di kèfèrí ni? Àbí kí n kàn máa lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kí ìyá mi lè rí mi, bí ọkàn mi kò tilẹ̀ sí níbẹ̀?”

Lẹ́tà náà nìyẹn. Ọmọ mi, kí n tó sọ ohunkóhun, omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọlọ́run yóò wo ọgbẹ́ náà sàn.

Ọ̀rọ̀ àgbà ìjọ náà ni n óò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, nítorí òun ni ẹ̀gún tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ kò dára, kò sì jẹ́ òtítọ́. Láti 1897 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Ronald Ross ti rí i pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà wa yìí ni ibà ti ń pa ènìyàn jù lọ ní gbogbo ayé, àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5 ni ó sì ń pa jù nínú wọn. Ẹ̀fọn kì í béèrè ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kí ó tó jẹni. Ó ń jẹ ọmọ pásítọ̀, ó ń jẹ ọmọ lèmọ́mù, ó ń jẹ ọmọ babaláwo. Ẹni tí ó bá wá kí ọlọ́fọ̀, tí ó sì di ẹ̀bi lé e lórí, kò kí i rárá. Ẹrù ni ó tún gbé kún ẹrù rẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ. Ṣé o ti di kèfèrí? Ó tì o.

Ìyá tí ó bí bàbá mi, aláró ni. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí kì í jókòó ní ìlà iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, tòun ti gèlè funfun. Síbẹ̀ ní òròòwúrọ̀, kí ó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú ilé, yóò fi ọwọ́ ọ̀tún kan iwájú orí rẹ̀, yóò sì máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èmi tí mo wà lọ́mọdé rò pé ẹ̀fọ́rí ni ó ń ṣe é. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé Orí rẹ̀ ni ó ń kí. Àwọn baba wa gbà pé kí ènìyàn tó wá sáyé ni ó ti kúnlẹ̀ yan Orí tirẹ̀. Òrìṣà ìdílé wà, òrìṣà ìlú wà, ọdún wọn sì ń kó gbogbo ènìyàn jọ. Ṣùgbọ́n Orí kò ṣe é yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Àwọn tí ọwọ́ wọn tó o a máa ṣe ilé fún Orí, awọ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn a sì to owó ẹyọ sí i lára. Ẹni tí kò ní ilé-orí náà ní iwájú orí àti ọwọ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní í dúró de àwòrò kankan kí ó tó kí i.

Kì í ṣe ìṣẹ̀ṣe nìkan ni ó mọ èyí. Mùsùlùmí a máa jí ní òru dúdú láti kí ìrun tí kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún un, nígbà tí gbogbo ilé ń sùn. Ìwé Mátíù, orí 6, kọ́ àwọn Kristẹni láti gbàdúrà nínú yàrá pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Nítorí náà, ẹ̀yìnkùlé rẹ kì í ṣe ilé kèfèrí. Ilẹ̀kùn kan náà ni ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀, ìwọ kàn ń gba ibẹ̀ wọlé lójoojúmọ́ ni.

Bí ó bá sì jẹ́ pé jíjáde kúrò nínú ìjọ ni ó ń bà ọ́ lẹ́rù, kì í ṣe orí rẹ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influẹ́ńsà ń pa ènìyàn kiri, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà lọ́nà tí ọkàn wọn fẹ́. Joseph Ṣàdárè, alágbẹ̀dẹ wúrà, wà lára wọn. Sophia Ọdúnlámì náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó jẹ́ tíṣà bíi tìrẹ. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń pe ara wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn àti ti ìjọ kò wọ̀ mọ́ lórí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti lórí oògùn, wọ́n jáde ní 1922. Ní tèmi, àdúrà kò ní kí á má gba oògùn, n kò sì bá wọn dé ibẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Isaac Akínyẹlé ti Ìbàdàn, tí ó bá àwọn aládùúrà wọ̀nyí rìn ní ìgbà tí ayé ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ni ó jẹ Olúbàdàn ní 1955.

Ẹ tún wo Mose Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá láti kékeré. Ó rìn láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu kí ó tó wọ Èkó ní 1924. Ní 1925 ni òun àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, kó ènìyàn jọ sí ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù.

Ọmọ mi, má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí o lọ dá ìjọ sílẹ̀. Èyí tí ó wà ní òpópónà tèmi nìkan ti tó mẹ́fà, gbohùngbohùn wọn kò sì jẹ́ kí a sùn. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí o rí nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dá wà. Ìgbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ àwọn kan, wọ́n wá àwọn kan rí. Èkejì ni pé ìjáde kò pa ìjà. Ní 1929, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Kérúbù àti Séráfù pín sí méjì, Orímọládé gba ọ̀tọ̀, Abíọ́dún gba ọ̀tọ̀. Ènìyàn ni ó wà nínú ìjọ tí o fi sílẹ̀, ènìyàn náà ni ó wà níta.

Ewu tí ó wà lójú ọ̀nà rẹ nìyí. Ẹni tí ó bá ń dá rìn ni àwọn aríran ajẹ́lójú máa ń dọdẹ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé obìnrin kan wà tí ọmọ kú fún, tí kò sì ní ìjọ, wọn yóò wá pẹ̀lú ìran àti ìwé iye owó rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun rí ohun tí ó pa ọmọ rẹ, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó, sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ewu kejì wá láti inú ara wa: ìgbéraga. Ẹni tí ó bá ń jí kùtùkùtù gbàdúrà lè bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tí ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí o bá rí èyí nínú ọkàn rẹ, mọ̀ pé àdúrà náà ti ń kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ohun tí mo ń wá nínú rẹ̀ tí n kò rí ni ibi tí o ti sọ fún ìyá rẹ ohun tí àgbà ìjọ náà wí. Ìwọ àti ọkọ rẹ nìkan ni ẹ gbọ́ ọ. Ìyá rẹ kò mọ̀! Ohun tí ó mọ̀ ni pé ọmọ òun ṣàdédé fi ilé Ọlọ́run sílẹ̀. Ní ọjọọjọ́ Ìsinmi ni ó ń bá ọkùnrin náà jókòó nínú ilé kan náà, ó ń kí i, kò sì mọ ohun tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Má sì gbàgbé pé bí o ti pàdánù ọmọ ni òun náà pàdánù ọmọ-ọmọ. Ta ni ó ti bá a sunkún?

Nítorí náà, má lọ fi ara jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì láti tan ìyá rẹ. Irọ́ ni ìyẹn, Ọlọ́run kò jẹ ẹ́, ìyá náà yóò sì mọ̀ bó pẹ́ bó yá. Lọ bá a ní ilé, ní ìrọ̀lẹ́ tí kò sí oníbàárà. Kúnlẹ̀, kí o sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí dé ìdí. Lẹ́yìn náà, bẹ̀ ẹ́ kí ó wá sùn mọ́jú lọ́dọ̀ rẹ. Bí o bá jí ní kùtùkùtù, jẹ́ kí ó jókòó tì ọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Jẹ́ kí ó gbọ́ bí o ti ń pe orúkọ àwọn ọmọ 42 náà, kí ó sì gbọ́ orúkọ tí o fi ń parí. N kò rò pé yóò tún pè ọ́ ní kèfèrí lẹ́yìn ìyẹn.

Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣe ọdún, bá a ra aṣọ, bá a gbé oúnjẹ, bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti ń bá ìyá lọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹ̀yẹ ìyá ni. Bóyá ẹsẹ̀ rẹ yóò tún mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, bóyá kò sì ní í mọ̀ ọ́n. Èyí wà láàárín ìwọ àti Ẹlẹ́dàá rẹ.

Ní ti ìsìnkú, ẹ̀rù ìyá rẹ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, ìwé owó ọdọọdún ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè bí òkú bá kú. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń sin òkú. Ẹni tí ó bá ń lọ sílé ọlọ́fọ̀, tí ó ń lọ síbi ìkómọ, tí ó ń san owó àjọ rẹ̀ déédéé, tí ó ń yọjú sí aládùúgbò tí ó ń ṣàìsàn, kò ní í ṣàìrí ẹni tí yóò gbé e. Ṣíṣe ìwọ̀nyí ni kí o fi kún àdúrà rẹ. Bí o bá dìde kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí o gbà jáde.

Àwọn àgbà ní ìwà lẹ̀sìn. Àwa kò lè rí ohun tí ó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run ní ìdájí, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ọjà tàbí kíláàsì ní aago mẹ́jọ, gbogbo wa ni a óò rí i.

Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin àgbà ìjọ tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá fẹ́ lọ kí ọlọ́fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú oúnjẹ dání, kí ẹ sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ nílé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.