Òjé Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọdé

A ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń yin ìwòsàn kan tí a ń pè ní chelation, pé ó ń fọ ọpọlọ mọ́. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó lè ṣe, kí a sì mọ èyí tí kò lè ṣe.

Ní ọdún 2010, ìbànújẹ́ ńlá bá àwọn abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ní Òkè Ọya. Àwọn ènìyàn ń wa wúrà, wọ́n sì ń lọ òkúta rẹ̀ nínú àgbàlá ilé wọn, láìmọ̀ pé òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń rá lé. Gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, àwọn tí ó kú kò sì dín ní 400.

Àwọn oníṣègùn Médecins Sans Frontières fi egbògi yìí tọ́jú àwọn tí ó kù. Bí akàn ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ gbá nǹkan mú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbá òjé mú nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń bá ìtọ̀ jáde. Ó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ kó erùpẹ̀ olóró kúrò nínú ilé. Ta ni í gbọ́n omi inú ọkọ̀ tí kò dí ihò rẹ̀? Nítorí èyí, àwọn ọmọ Bagega dúró títí di ọdún 2013.

Ọpọlọ ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, a dán egbògi náà wò lára ọmọ 780 tí òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2001, òjé dínkù lára àwọn tí ó lò ó, ṣùgbọ́n òye wọn kò ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ó lé olè jáde, kò tún ohun tí olè bàjẹ́ ṣe.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ń tà á fún ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, tàbí fún arúgbó tí ń gbàgbé. Ní ọdún 2005, ọmọ ọdún 5 kan kú ní Amẹ́ríkà, nítorí irú èyí tí a fún un fa kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ sì dá.

Ẹ má sì wí pé Zamfara jìnnà. Ní Boston, ní ọdún 2011, a rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan láti ìdílé Nàìjíríà. Tìróò tí a lé sí i lójú ni ó fà á. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe lé tìróò fún ọmọ mọ́. Ẹ̀yin bàbá tí ń fọwọ́ kan òjé níbi iṣẹ́, ẹ wẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbé ọmọ. Bí ìfura bá sì wà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí òjé má wọlé rárá ni ó sàn jù.