Ọkọ̀ Bà Á Léegun Jẹ́, Ọkọ Bà Á Nínú Jẹ́, Frida Fi Búrọ́ọ̀ṣì Rojọ́

Bí ọkọ bá fi ojú obìnrin gbolẹ̀, ẹlòmíì á kó ẹjọ́ lọ bá ìyá ọkọ, ẹlòmíì á fi orin bú orogún lẹ́nu ọ̀nà. Frida Kahlo, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, búrọ́ọ̀ṣì ayàwòrán ló gbé, ló fi rojọ́ tiẹ̀.

Ọdún 1907 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tín-ín-rín, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n orí ọmọ náà pé, dókítà ló fẹ́ dà. Àfi ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1925, tí òun àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì onípákó kan, tí tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba àárín ìgboro, kọlu bọ́ọ̀sì náà. Irin tí èrò máa ń dì mú gún un wọ ìbàdí. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ lọ́nà 3, ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn náà ṣẹ́ lọ́nà 11. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ròyìn lẹ́yìn náà pé ẹnì kan nínú ọkọ̀ gbé ìyẹ̀fun aláwọ̀ wúrà dání, ló bá tú dà sára ọmọbìnrin náà tòun ti ẹ̀jẹ̀, ni àwọn tó rí i bá ń pariwo pé oníjó ni. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń kú lọ.

Ẹ̀yin káfíńtà, iṣẹ́ yín rèé. Nígbà tí Frida ò lè dìde, ìyá rẹ̀ ní kí káfíńtà kan kan pákó ìyàwòrán tó ṣe é lò lórí ibùsùn. Wọ́n so dígí mọ́ òkè ibùsùn náà. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ fọ́tógíráfà, kó ọ̀dà tirẹ̀ fún un. Ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja, tí kò lè yíra padà, kí ló máa rí bí kò ṣe ojú ara rẹ̀? Ojú náà ló ń yà. Nínú àwòrán mẹ́ta tó yà láyé, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ti ara rẹ̀. Àwọn tó ń pè é ní ìgbéraga, àìsàn ò tíì dá wọn dùbúlẹ̀ rí ni.

Ní 1929 ló fẹ́ Diego Rivera, gbajúmọ̀ ayàwòrán tó fi ogún ọdún jù ú lọ. Ní 1932, oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ ní Detroit, ní Amẹ́ríkà. Ó ya ara rẹ̀ lórí ibùsùn ọsibítù, tẹ̀jẹ̀-tẹ̀jẹ̀, kò bo nǹkan kan.

Ní 1934 ló wá mọ̀ pé ọkọ òun ń bá àbúrò òun, Cristina, lò pọ̀. Ọmọ ìyá ẹ̀ o! Frida kó kúrò nílé. Nínú ìwé ìròyìn, ó ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó fi ọ̀bẹ gún obìnrin ẹ̀ pa, tó dé iwájú adájọ́ tó ní òun kàn rọra fi gún un díẹ̀díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni Frida yà ní 1935: obìnrin náà níhòòhò lórí ibùsùn, ọgbẹ́ káàkiri ara, ọkùnrin náà dúró tì í tòun ti ọ̀bẹ. Ẹ̀jẹ̀ ta dé orí férémù! Kò ya ọkọ, kò ya àbúrò. Ó kàn sọ fún ọ̀rẹ́ kan pé àánú obìnrin náà ṣe òun, torí ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun náà.

Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1939. Ní 1940, wọ́n tún fẹ́ra. Ẹ má bi wọ́n.

Àwọn kan máa ń ní ìyà ló sọ ọ́ di ayàwòrán. Ṣé gbogbo ẹni tíyà ń jẹ ló ń yàwòrán ni? Ìrora kan náà ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nígbẹ̀yìn, tí oògùn ìrora ò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró gírí mọ́. Ṣùgbọ́n ní 1944, ọwọ́ náà ṣì mú: ó ya ara rẹ̀, òpó tó fọ́ wà níbi tó yẹ kí eegun ẹ̀yìn wà, ìṣó kún gbogbo ara, omijé ń bọ́, ojú ò sì yẹ̀.

Ní 1953, nígbà tí wọ́n fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Mexico City, dókítà ní kò gbọdọ̀ dìde. Ó ní kí wọ́n gbé ibùsùn òun lọ síbẹ̀. Orí rẹ̀ ló ti kí àlejò. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 13 oṣù keje 1954, lẹ́ni ọdún 47.

Ní 2021, wọ́n ta ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀ ní New York, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 35 dọ́là. Ojú Frida ló wà níbẹ̀, omijé lójú, àwòrán Diego níwájú orí.