Ewé Róòsì Tí Ó Ká

Àwọn àgbà a máa wí pé gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ewé òdòdó róòsì tí ó ká nínú ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kòkòrò tí í fa èyí kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Bí a kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, a lè pa èyí tí ó ṣọ̀wọ́n nítorí ẹ̀ṣẹ̀ èyí tí ó wọ́pọ̀.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Blennocampa phyllocolpa. Ó dúdú, ó sì kéré bí eṣinṣin, ṣùgbọ́n ìbátan oyin àti agbọ́n ni, kì í sì í ta ènìyàn. Abo rẹ̀ ní ohun kan bí ayùn ní ìdí, èyí tí ó fi ń la ewé láti yé ẹyin sí. Láti ìparí oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Oje tí ó ń tú sínú ewé ni í mú kí etí ewé ká sísàlẹ̀ bí ẹní, nígbà mìíràn láìsí ẹyin kan níbẹ̀.

Èyí tí a kì í sábà rí ni Pamphilius inanitus. Ìdin rẹ̀ tìkára rẹ̀ ni í fi òwú, bí ti aláǹtakùn, di ewé ṣe ilé. Àwọn ọmọ àfòpiná kan pẹ̀lú a máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe dá wọn mọ̀? Ẹ rọra tú ewé náà, kí ẹ sì ka ẹsẹ̀ ìdin. Gbogbo wọn ni ó ní ẹsẹ̀ gidi 6 nítòsí orí. Ẹ wá wo abẹ́ ikùn: ọmọ àfòpiná kì í ní ju ẹsẹ̀ rírọ̀ 10 lọ, ti Blennocampa a máa ju 10 lọ, ti Pamphilius kò ní ọ̀kankan níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbin róòsì lọ́hùn-ún, bí ó bá jẹ́ Blennocampa, tí ewé tí ó ká kò sì pọ̀, ẹ já wọn dànù kí ìdin tó bọ́ sínú ilẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, nítorí títu igi ní ìhòhò a máa pa á lára ju ìdin lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí ẹsẹ̀ lábẹ́ ikùn, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ fi han àwọn onímọ̀ kòkòrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa gbé nínú ilé rẹ̀.