Ilẹ̀kùn Ti Ṣí: Kí Ọ̀dọ́ Iyamoye Wọlé

Ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ Ìjùmú lórí kọ̀ǹpútà yóò rí i pé ó kéré jọjọ sí Yorùbá tí gbogbo ayé ń kọ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ Iyamoye ń bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń dúró de ẹlòmíràn tí yóò wá kó o jọ. Ìdúró yìí kò bójú mu mọ́.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí àwọn tó dá wọn sílẹ̀ kò tilẹ̀kùn mọ́. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn wà ní gbangba. Ẹni tó bá rí àléébù lè tún un ṣe. Àkójọ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 2016, jẹ́ ọ̀kan. Ìlànà kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí GitHub. Masakhane, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019 lórí ìtumọ̀ àwọn èdè Áfíríkà, jẹ́ òmíràn.

Àwọn kan lè bẹ̀rù pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí báyìí, aláìmọ̀kan yóò ba iṣẹ́ jẹ́. Ìdáhùn wà nínú Git, irinṣẹ́ tí Linus Torvalds kọ ní oṣù kẹrin ọdún 2005 fún àwọn tó ń bá a ṣe Linux. Git ń pa àtúnṣe kọ̀ọ̀kan mọ́ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é, àkókò tó ṣe é, àti àlàyé tó kọ sí i. Bí àtúnṣe bá burú, wọn yóò dá iṣẹ́ padà sí bó ti wà. Àlejò kì í sì í fọwọ́ kan ojúlówó. Yóò gba ẹ̀dà tirẹ̀, yóò ṣí ẹ̀ka kan, yóò ṣe àtúnṣe níbẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́. Àwọn alábòójútó yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn yóò gbà á, tàbí kí wọ́n dá a padà pẹ̀lú àlàyé.

Ó tún ní àǹfààní kan fún ará ìlú kékeré: gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dákẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà tó bá fẹ́ gbà á wọlé tàbí fi ránṣẹ́ nìkan ni ó nílò rẹ̀.

Kò pọn dandan kí ènìyàn mọ ìlànà kọ̀ǹpútà. Ẹni tó fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ kan bó ti yẹ, tàbí tó tọ́ka sí ìtumọ̀ tó ṣìnà, ti ṣe iṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n àmánà ni. Kí ó ka ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà, kí ó má fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ránṣẹ́ bí tirẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ bi àwọn àgbà léèrè. Bí wọ́n bá dá a padà, kí ó má bínú; kí ó tún un ṣe.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà Iyamoye ló ni ọ̀rọ̀, ọ̀dọ́ ló mọ ẹ̀rọ. Bí àwọn méjèèjì kò bá tètè jókòó pọ̀, ẹ̀rọ yóò wà, ọ̀rọ̀ ni kò ní sí.