Àwọn Òkúta Èsìẹ́ àti Ẹ̀ṣẹ̀ Tí A Kò Dá



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ń gbé wá bá mi lemọ́lemọ́, láti Òmù-Àrán títí dé Ìlá. Wọ́n ní àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ máa ń bi àwọn pé: "Ọlọ́run tiwa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa. Kí ni Olódùmarè tiyín ṣe tí a ó fi mọ̀ pé ó fẹ́ràn yín?" Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà a dákẹ́, àwọn mìíràn a bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tí ó béèrè. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìbéèrè tí ó ní làákàyè ni, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn bí ọmọlúàbí.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ rí ni pé ìbéèrè náà gbé ọ̀rọ̀ mìíràn pamọ́ sínú. Kí ikú ẹnìkan tó lè jẹ́ ìfẹ́ fún mi, ó ní láti jẹ́ pé mo wà nínú ewu kan tí ikú náà yọ mí kúrò. Ewu wo? Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ìbá ṣe pé ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi dá nìkan ni wọ́n ń sọ, a kì bá tí jiyàn, nítorí kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti wà lọ́rùn mi kí n tó sunkún àkọ́kọ́: Ádámù àti Éfà jẹ èso tí a ní kí wọ́n má jẹ, ẹ̀bi náà sì di ogún gbogbo ọmọ ènìyàn. Ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni èmi àti wọn ti pínyà.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo onígbàgbọ́ ni ó fi ohùn kan gba ẹ̀kọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tí ó le bí òkúta ni Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní àríwá Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlgéríà lónìí, ẹni tí ó kú ní ọdún 430. Ìtumọ̀ Látìn ni ó fi ka ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù. Nínú ìtumọ̀ náà, ó dà bí ẹni pé inú Ádámù gan-an ni gbogbo wa ti ṣẹ̀. Èdè Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ fi kọ ìwé náà kò fi dandan sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ Kristẹni sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Pelagius, ará Britain, bá Augustine jiyàn pé a kì í bí ọmọ pẹ̀lú ẹ̀bi. Ní 418, ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù jókòó ní Carthage, wọ́n sì dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi. Augustine gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dé òpin ọ̀nà: ó ní ọmọ ọwọ́ tí ó bá kú láìṣe ìrìbọmi yóò lọ sínú ìdálẹ́bi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyà tirẹ̀ ni yóò fúyẹ́ jù. Àwọn àtẹ̀lé rẹ̀ wá àyè kan sí ẹ̀bá ọ̀run àpáàdì fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè rọ̀ díẹ̀. Ní 2007 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ìjọ Àgùdà ní Róòmù gbé ìwé kan jáde pé ìrètí wà pé Ọlọ́run yóò gba àwọn ọmọ náà là. N kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gba ìgboyà láti yí ọ̀rọ̀ tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n mo ń ro àwọn ìyá tí ó sin ọmọ wọn láti 418 títí di 2007.

Àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Ìlà-Oòrùn gbà pé a jogún ikú lọ́wọ́ Ádámù, wọn kò gbà pé a jogún ẹ̀bi rẹ̀. Wòlíì Ìsíkíẹ́lì, nínú Bíbélì tiwọn náà, ya odindi orí kan sọ́tọ̀ láti fi kọ̀ pé kí ọmọ máa ru ẹ̀ṣẹ̀ bàbá. Àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara yìí, ní Ádámù ronú pìwà dà, a dárí jì í, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé, kí a dé Èsìẹ́. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ rí, kí ó gbìyànjú. Ère òkúta tí ó lé ní 1,000 ni ó wà níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin; ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú ohun ìjà dání, irun orí wọn gún régé, àwọn mìíràn kọlà sójú. Ní 1933, Ramshaw, òyìnbó tí ó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., dé ibẹ̀, ó sì ròyìn wọn fún ayé. Ní 1945 ni wọ́n dá ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ìwé kan a máa kọ ọ́ pé Ramshaw ni ó "ṣàwárí" wọn, bí ẹni pé àwọn tí ó ń bọ wọ́n kí ó tó dé kò ní ojú. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Èsìẹ́ ni pé ènìyàn ni àwọn ère wọ̀nyí nígbà kan, àlejò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí a sọ di òkúta nítorí ìwà tí wọ́n hù. Ẹnu àwọn olùsọ̀tàn kò ṣọ̀kan lórí irú ìwà náà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó gbẹ́ òkúta, àwọn onímọ̀ sì ti kọ ìwé lé e lórí. Irú ìdájọ́ tí àwọn baba wa fi sínú ìtàn náà ni mo ń wò. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni òkúta mú. Ìtàn náà kò mẹ́nu ba ọmọ wọn tí ó kù sílé. N kò gbọ́ ọ rí kí ará Èsìẹ́ kan wo àlejò òde òní lójú kí ó ní, "Ìwọ, láti ìhà ibi tí àwọn olókùúta ti wá, ẹ̀bi wọn ń bẹ lọ́rùn rẹ."

Ohun kejì ni ó jọ mí lójú jù. Àwọn tí a dá lẹ́jọ́ yìí kan náà ni ìlú wá ń bọ. Wọ́n ní ọba láàrin wọn, wọ́n ní ọdún tiwọn, a ń gbé ohun jíjẹ tọ̀ wọ́n lọ. Ìyà wọn dé ibì kan, ó dúró, àjọṣe tuntun sì bẹ̀rẹ̀ láàrin wọn àti ìlú tí wọ́n ṣẹ̀. Bíbélì náà ní ìtàn obìnrin tí ó di ọ̀wọ̀n iyọ̀, aya Lọ́ọ̀tì. Ta ni ó ń lọ kí i? Ta ni ó tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀? Ẹ̀kọ́ iná àìnípẹ̀kun kò ní àyè fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èsìẹ́, pé kí ẹni tí a jẹ níyà tún di ẹni tí a ń kí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú ẹ̀gbọ́n mi kan ní Òmù-Àrán, àgbà olùkọ́ ìjọ tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ka Bíbélì. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ tèmi tán. Ó wá ní, "Àbúrò, ṣé o kò mọ ìwọ̀fà ni? Bàbá yá owó, ọmọ ni ó lọ ń sin olówó. Ta ni ó bi ọmọ bóyá ó jẹ nínú owó náà? Jésù ni ó wá san owó, kí ọmọ lè máa lọ sílé."

Èyí ni àlàyé tí ó dára jù lọ tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu onígbàgbọ́, inú àṣà wa sì ni ó ti mú un. Òótọ́ ni pé kí òfin ìjọba tó fòpin sí i, àwọn ọmọ wa sin olówó nítorí gbèsè tí wọn kò jẹ, iṣẹ́ oko tí wọ́n ṣe kò sì dín nǹkan kan kù nínú owó náà, èlé ni. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí láyè. Ìwọ̀fà ni a ń pè é, a kì í pè é ní olè. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Olówó sì gbà á nítorí pé owó rẹ̀ lè sọnù. Ta ni Olódùmarè jẹ ní gbèsè tí kò fi lè sọ pé, 'Ó tó, mo fi jì yín'? Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó yá wa lówó, tí òun náà tún fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ san án fún ara rẹ̀, apò wo ni owó náà bọ́ sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, ìfẹ́ kì í ṣe ìṣirò."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé Ọlọ́run tirẹ̀ kò jókòó sókè kí ó máa wòran ìyà wa, pé ó sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ nínú rẹ̀. Ìyẹn lẹ́wà, n kò sì ní fi orí kunkun kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè wá bá mi pín nínú ìyà mi láìkọ́kọ́ pè mí ní ọ̀daràn.

Ibo wá ni ìfẹ́ wà lọ́dọ̀ tiwa? Ẹ wo ohun tí à ń ṣe nígbà tí ọmọ bá dé. A ó ṣe ẹsẹ̀ńtáyé fún un, kí Ifá lè sọ ọ̀nà tí ó bá wá, èèwọ̀ rẹ̀ àti ohun tí ó yẹ kí àwọn òbí rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a ó fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, a ó fi iyọ̀ tọ́ ọ, a ó gbé obì, orógbó àti ataare sílẹ̀. Àwọn ìyá àgbà yóò sì ti máa ki í: Àdùkẹ́, ẹni tí à ń du láti kẹ́, Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí à ń bẹ̀ kí a lè kẹ́ ẹ, Àṣàkẹ́, ẹni tí a ṣà láti kẹ́. Ọmọ tí kò tíì ṣe iṣẹ́ rere kankan ni a ń sọ èyí fún. Bí àwọn onígbàgbọ́ bá ń wá ìfẹ́ tí a kò ṣiṣẹ́ fún, ó wà nínú oríkì tí àwọn ìyá ìyá wọn fi kì wọ́n.

Èyí kò sọ pé ilé tiwa mọ́ fónífóní. Àwọn baba wa fi ènìyàn rúbọ láyé àtijọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò ṣẹlẹ̀. Ní àwọn ibì kan ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n pa ìbejì kí ìbejì tó wá di òrìṣà tí à ń gbé jó. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni àwọn ọmọ náà dá? Ẹni tí ó bá fẹ́ bá Augustine jà lórí ọmọ ọwọ́, kí ó rántí wọn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Àjàlá, amọrí tí ó ń mọ orí rere mọ́ orí tí òjò ọ̀nà yóò wó dànù, tí ẹni tí ó ń yàn kò sì lè fi ojú dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ìnira ń bẹ nínú ìyẹn náà fún ẹni tí ó ń wá ìdájọ́ òdodo. Ṣùgbọ́n ohun tí a sọ fún olórí burúkú ni pé kí ó rúbọ, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó hùwà. A kò sọ fún un pé ó jẹ̀bi.

Ó ní ìdí tí mo fi ń pariwo lórí ẹ̀kọ́ tí ó ti lé ní 1,500 ọdún. Ẹ̀kọ́ náà ti ṣí kúrò ní ọgbà Édẹ́nì, ó ti dé àárín ilé wa. Ní 1930, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà, àwọn ènìyàn kó ohun òrìṣà wọn jáde fún sísun. Ọmọ ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni Babalọlá, ní Òdò-Ọwá nítòsí Ìlọ́fà ni wọ́n ti bí i ní 1904. Nígbà náà, ẹni tí ó sun òrìṣà sun ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń bọ. Lónìí, ọmọ tí kò mọ ojú òrìṣà rí ni wọ́n ń sọ fún pé bàbá bàbá rẹ̀ bọ òrìṣà, ìdí nìyẹn tí kò fi rí iṣẹ́, tí kò fi rí ọkọ, tí oyún kò fi dúró. Ègún ìdílé ni wọ́n sọ ọ́ dà. Wọ́n ti yọ Ádámù kúrò níbẹ̀, bàbá àgbà tìrẹ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Mo mọ ilé kan ní agbègbè wa tí wọ́n ti sun ẹ̀kú egúngún nítorí irú ìsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí ìran mẹ́rin rán pọ̀ ni, ẹnìkọ̀ọ̀kan fi tirẹ̀ kún un. Ìyá àgbà ilé náà ṣì wà láàyè, orí àga ni ó jókòó sí tí ó ń wò ó títí iná fi jó o tán. Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní orísun ègún yẹn, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí olódodo. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohunkóhun.

Àwa náà sì ń dá kún un. Àwọn babaláwo kan ti kọ́ ọgbọ́n yìí, wọ́n ń sọ fún oníbàárà pé ẹ̀ṣẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ń jà, kí owó ètùtù lè pọ̀ sí i. Bí Ifá bá sọ pé bàbá kan da ilẹ̀, Ifá yóò sọ ilẹ̀ tí ó dà àti ẹni tí ó dà á sí. Èyí tí kò lè sọ ọ́ ń wá owó ni. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà wa gbọ́dọ̀ máa pe irú wọn síta.

Ẹ̀yin tí ẹ̀kú bàbá yín ṣì wà nínú àjà, tí ẹnìkan sì ń ní kí ẹ sun ún, ẹ má ṣe bú u. Ẹ fi àga fún un kí ó jókòó, ẹ bù omi fún un mu. Kí ẹ wá bi í pé: kí ni bàbá wa ṣe, ọjọ́ wo ni ó ṣe é, ta ni ó ṣe é sí?